Ọ̀bọ Kọ́ Ni Baba Wa

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí Charles Darwin lẹ́nu tí kò sì sọ, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, tí oníwàásù fi ń pa ìjọ lẹ́rìn-ín, tí ọmọ ilé-ìwé sì ń há sórí, ni pé ọ̀bọ òde òní ni ó bí ènìyàn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni gbogbo wọn. Nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1859, díẹ̀ ni ó kù kí ó dákẹ́ pátápátá lórí ọ̀ràn tiwa. Nígbà tí ó sì wá kọ ìwé lé ènìyàn gan-an lórí ní 1871, ó kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé baba ńlá àtijọ́ náà rí bí ọ̀bọ tàbí ìnàkí kankan tí ó wà láyé lónìí.

Kò yẹ kí èyí ta kókó fún ọmọ Yorùbá. Aláàfin àti Alákétu, Odùduwà ni àwọn méjèèjì ń pè ní orísun. Síbẹ̀ n kò tí ì gbọ́ kí ará Kétu wí pé Ọ̀yọ́ ni ó bí òun, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè pé, bí Ifẹ̀ kan náà bá ni wọ́n ti ṣí, kí ló dé tí Ọ̀yọ́ kò fi di Kétu. Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn tí ń bèèrè ìdí tí ọ̀bọ òde òní kò fi di ènìyàn ń bèèrè, tí wọ́n á sì fẹ̀yìn tì bí ẹni tí ó jàre ẹjọ́. Ọmọ baba ńlá kan náà ni àwa àti ìnàkí. Ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 6 tàbí 7 tí a ti pínyà, olúkúlùkù sì ti rin ọ̀nà tirẹ̀ jìnnà.

Àwọn kan yóò ní èyí tàbùkù Ìwé Mímọ́. Kí wọ́n fi sùúrù tún Jẹ́nẹ́sísì orí kejì kà: ilẹ̀ tí Atẹ́rẹrẹ-káríayé ti bu erùpẹ̀ mọ ènìyàn ni ó ti mọ ẹranko ìgbẹ́ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà, nephesh, ni a sì fi pe àwa àti àwọn, kí àwọn atúmọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 tó pè é ní ọkàn lára tiwa, tí wọ́n pè é ní ẹ̀dá lára tiwọn. Pé ní àwòrán Ọlọ́run ni a dá wa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọnà ara ìkòkò kò ní kí ìkòkò má jẹ́ amọ̀.

Èyí tí ó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí inú ń bí sí Darwin, bí ìyàwó wọn bá bí ìbejì, oríkì ẹdun ni wọ́n fi ń kí àwọn ọmọ náà láràárọ̀.