Ọ̀nà Òkè Tí Àwọn Bàbá Wa Gùn

Ẹ̀yin ará wa ní Tchetti, Bantè àti Savalou, tí ẹ bá gba ọ̀nà Ìdáàṣà, ẹ ó rí àwọn òkè olókùúta ńláńlá. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì (41) ni wọ́n ń pe Ìdáàṣà. Iṣu kì í ta dáadáa lórí òkúta. Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n lọ ń gbé orí òkè? Ìtàn rẹ̀ nìyí.

Ogun ló fà á. Gezo jọba ní Dànhọ̀mẹ̀ láti 1818 dé 1858. Glele ọmọ rẹ̀ jọba tẹ̀lé e títí di 1889. Láyé wọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ ogun Àgbọ̀mẹ̀ máa ń jáde, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ń kó Nàgó àti Maxi lẹ́rú. Wọ́n ta àwọn kan létí òkun. Àwọn mìíràn ń ro oko fún ọba.

Ẹ wo Kétu. Kò sí òkè níbẹ̀. Àwọn ará Kétu mọ odi, wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí ìlú ká. Ẹnubodè wọn, Àkábà Ìdẹ̀nà, ṣì wà títí di òní. Síbẹ̀, ní 1886, ogun Dànhọ̀mẹ̀ wọ Kétu, ó sì tú ìlú náà ká. Ẹ wá wo Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó lábẹ́ òkè Olúmọ ní 1830. Dànhọ̀mẹ̀ kọlù ú ní 1851 àti ní 1864, wọn kò sì rí i kó. Odi wà, ibọn wà, òkè náà sì wà lẹ́yìn wọn.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀nà òkè gan-an ni odi. Ọ̀nà tóóró ni, ó ń gba àárín òkúta kọjá. Bí ogun bá pọ̀ tó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gùn ún. Ẹni tó wà lókè ti rí wọn láti òkèèrè. Òkúta tó bá yí sílẹ̀ nìkan tó láti dá wọn padà.

Ṣùgbọ́n òkè ní ìyà tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni oko wà, ìsàlẹ̀ náà ni odò wà. Omi òjò tó bá dúró nínú kòtò òkúta kì í pẹ́ gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn ìyá ló ń ru omi gòkè. Ọ̀tá tó bá jókòó sí ẹsẹ̀ òkè, òùngbẹ ló fi ń jagun.

Ní oṣù kọkànlá 1892, àwọn Faransé wọ Àgbọ̀mẹ̀. Ní 1894, Béhanzin fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ogun ẹrú dópin, ṣùgbọ́n owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́bàá oko, omi àti ọ̀nà. Ní 1911, ọkọ̀ ojú irin dé Ṣábẹ̀.

Bákan náà ló rí ní Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà. Orí òkè ni gbogbo ìlú wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Lónìí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gòkè lọ síbẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà lókè. Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO, kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà Ìdànrè kò parun, nítorí pé wọ́n tọ́jú rẹ̀. Tiwa ńkọ́? Igbó ń bo ojú ọ̀nà, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ń lọ. Bí igbó bá bò ó tán, ọmọ wa yóò rí òkè, kò ní mọ̀ pé òun ló gba bàbá ńlá rẹ̀ là.

Ẹ̀yin ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ lọ bá àgbà kan ní ìlú yín. Ẹ bi í pé: níbo ni wọ́n ń gbà gun òkè? Níbo ni wọ́n ti ń pọn omi? Ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú kàyé yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i.