Àjọjẹ Láàárín Ilé Ìwé Abúlé

“Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.” Ahun la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n òfin ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ jókòó ti abọ́, kí ó gbé nǹkan wá. Bí ẹnìkan bá ń fúnni ṣáá, tí èkejì ń gbà ṣáá, sàráà nìyẹn, kì í ṣe àjọjẹ mọ́.

Òfin yìí kan ilé ìwé abúlé náà. Lọ́dún 1979 tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, abúlé ń dáwó jọ, wọ́n ń kọ́ ilé ìwé tiwọn. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun máa rìn lọ kàwé nílùú kejì? Lónìí, ilé ìwé ọ̀kan nínú wọn ní bùrẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì nínú lábù rẹ̀, kò ní tíṣà kẹ́místìrì. Tíṣà kẹ́místìrì ilé ìwé kejì ń ya bùrẹ́ẹ̀tì sójú pátákó. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n lójú pátákó nìkan kò mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ WAEC, ásíìdì á ya wọlé, omi tó yẹ kó kúrò ní yẹ́lò bọ́ sí àwọ̀ ọsàn á ti pọ́n kọjá ààlà, máàkì ti lọ.

Kí tíṣà yẹn kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí lábù yẹn, kí ó kọ́ tọ̀tún tòsì pọ̀. Ilé ìwé kẹta tó ní òun kò ní nǹkan kan ńkọ́? Ṣé kò ní tíṣà Yorùbá tó dáńtọ́ ni, àbí ilẹ̀ oko fún iṣẹ́ àgbẹ̀?

Èyí kì í ṣe àdàpọ̀ o. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Arégbẹ́ṣọlá da ilé ìwé kan pọ̀ mọ́ òmíràn ní Ọ̀ṣun, ariwo ta. Ní 2020, ìjọba Oyètọ́lá tó jẹ tẹ̀lé e dá orúkọ àtijọ́ àwọn ilé ìwé padà.

Owó ọ̀kadà tí yóò gbé àwọn ọmọ lọ sí lábù àti ásíìdì tó tán ló máa ń ba irú àdéhùn yìí jẹ́. Kí àwọn pírínsípà àti ẹgbẹ́ òbí kọ ọ́ sílẹ̀ kí sáà tó wọlé: ta ni yóò ra ásíìdì, ta ni yóò san pípẹ́ẹ̀tì tó bá fọ́. Kí kẹ́místìrì bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú táímùtébù ilé ìwé méjèèjì, kó má sì ṣe kọlu ọjọ́ ọjà tí ọ̀kadà máa ń wọ́n. Ọjà ọrọọrún kì í sì í dúró sójú kan láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà, kí wọ́n ti ka ọjọ́ ọjà sáà náà tán kí wọ́n tó mú ọjọ́.