Owó Ìsọ̀ Lójú Tẹlifíṣọ̀n: Ìwé Ìròyìn Àwọn Onípolówó àti Eré Ìdárayá

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1941, kí Brooklyn Dodgers àti Philadelphia Phillies tó bẹ̀rẹ̀ eré bésíbọ́ọ̀lù wọn, aago Bulova yọ lójú tẹlifíṣọ̀n WNBT ní New York, lórí àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Dọ́là 9 ni wọ́n ní Bulova san. Òun ni wọ́n kà sí ìpolówó tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ tó bófin mu lórílẹ̀-èdè náà.

Àwọn onípolówó ti ní ìwé ìròyìn tiwọn kó tó dìgbà yẹn. Printers' Ink ti wà láti 1888, G. D. Crain sì dá Advertising Age sílẹ̀ ní Chicago ní 1930. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìsọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà á kọ́kọ́ wádìí iye tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ san. Ibi ìwádìí yẹn ni ìwé wọ̀nyí jẹ́ fún wọn: ta ló ra àyè, èló ló rà á?

Nígbà tí Gillette, ilé iṣẹ́ abẹ ìfárùngbọ̀n, nìkan ń gbọ́ bùkátà ẹ̀ṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lórí tẹlifíṣọ̀n NBC, títí di 1960, ìbéèrè yẹn ò tíì le. Ìgbà tí owó ẹ̀tọ́ láti gbé eré sáfẹ́fẹ́ wọ́n gọbọi, tí wọ́n wá ń gé àkókò tà ní wẹ́wẹ́, ló di ọ̀ràn ńlá. Ní Super Bowl àkọ́kọ́, ìyẹn àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìíní 1967, nǹkan bí dọ́là 40,000 ni ìpolówó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ní 2024, ó ti tó mílíọ̀nù 7.

Lójú tèmi, ìpolówó kan tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Apple ṣe ló fa ìdè tó wà láàárín ìwé ìròyìn àwọn onípolówó àti eré ìdárayá le jù. Ridley Scott ló darí rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìpolówó Chiat/Day. Ìgbìmọ̀ olùdarí Apple kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, wọ́n tiẹ̀ ní kí Chiat/Day tún àyè tí wọ́n ti rà tà. Síbẹ̀, ó jáde ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1984, láàárín Super Bowl. Advertising Age ló padà pè é ní ìpolówó tó ta yọ jù lọ ní ẹ̀wádún náà. Ìdájọ́ àwọn oníṣẹ́ fún iṣẹ́ ara wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ará ìlú náà ti nífẹ̀ẹ́ sí i. Ní 1989, USA Today dá Ad Meter sílẹ̀, kí àwọn òǹwòran lásán lè máa fi máàkì sí ìpolówó Super Bowl.

Ad Age, bí ìwé Crain ṣe ń jẹ́ láti 2017, ṣì ń to orúkọ àwọn tó ra àyè lọ́dọọdún kí eré tó bẹ̀rẹ̀.