Láti Ère Osi dé Fáìlì Kọ̀ǹpútà

Kí kọ̀ǹpútà tó dé Osi ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, àti Odo-Owa ní ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero tí Iloffa jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń dá ẹ̀dà ohun tó fẹ́ parun. Ère Epa, ìyẹn ìborí igi ńlá tí a ń gbé rù nígbà ọdún, kì í bọ́ lọ́wọ́ ìkán àti ọ̀rinrin. Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti jẹrà, a óò bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́ kí ó gbẹ́ tuntun dípò rẹ̀, nítorí náà ìmọ̀ ọwọ́ ni wọ́n ń pa mọ́, kì í ṣe igi. Bí ìmọ̀ náà ṣe ń kọjá hàn nínú ìtàn ilé Areogun ti Osi, tó kú ní 1954: ọmọ rẹ̀, George Bándélé, jogún iṣẹ́ náà, òun ló sì kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún ní ibùdó iṣẹ́ ọnà tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947.

Ibùdó yìí ni àkọsílẹ̀ irú mìíràn ti gbòòrò, nítorí pé àlùfáà Kevin Carroll, ọ̀kan lára àwọn tó darí rẹ̀, ya fọ́tò àwọn agbẹ́gilére àti iṣẹ́ wọn, ó sì tẹ ìwé Yoruba Religious Carving jáde ní 1967. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ níyì púpọ̀, torí pé ère agbègbè náà ti fọ́nká. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti pàtẹ iṣẹ́ agbẹ́gilére Bámigbóyè ti Odo-Owa, àwòrán wọn nìkan sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Odo-Owa lè rí. Bákan náà ni ti ìwé ìjọba: nítorí pé abẹ́ Ìlọrin ní ìhà Àríwá ni ìjọba amúnisìn fi àwọn ìlú wọ̀nyí sí, Kàdúná ni a kó ọ̀pọ̀ fáìlì tó kàn wọ́n lọ, kì í ṣe Ìbàdàn.

Bí a bá kó irú fọ́tò àti ìwé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó lè dà bíi pé ìkán kò lè jẹ wọ́n mọ́, síbẹ̀ fáìlì kọ̀ǹpútà yá láti parun ju igi lọ. Flọ́pì, díìsìkì pẹlẹbẹ tó gbilẹ̀ láàárín 1990 sí 1999, kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ, èyí tí kò tó fọ́tò kan tí fóònù òde òní ń yà. CD gba nǹkan bí 700, ṣùgbọ́n oòrùn àti ooru ń ba aró tí a fi kọ nǹkan sínú rẹ̀ jẹ́. Bí díìsìkì tilẹ̀ wà láìlábàwọ́n, ẹ̀rọ tó ń kà á lè ti kúrò lọ́jà, tàbí kí ètò tí a fi tẹ ìwé inú rẹ̀, bíi WordStar, ti di ohun ìgbàgbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BBC kó ìtàn àwọn ìlú sínú díìsìkì léésà ní 1986 láti fi ṣe ìrántí Domesday Book, ìwé ìkànìyàn àti ilẹ̀ tí ọba wọn ṣe ní 1086. Kí ogún ọdún tó pé, ẹ̀rọ tó lè ka díìsìkì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, àwọn onímọ̀ ní láti ṣe iṣẹ́ àkànṣe kí wọ́n tó rí i kà, bẹ́ẹ̀ ìwé 1086 ṣì ṣeé ṣí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìpamọ́ ń ṣe báyìí kò jìnnà sí ti Osi, ìyẹn ni pé kí a dá tuntun kí ti àtijọ́ tó jẹrà. Ìlànà wọn ni pé kí ẹ̀dà fáìlì jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ìlú mìíràn, kí iná tàbí olè kan má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ. A tún ń yí ìwé padà sí irú fáìlì tí ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba, bíi PDF/A tí àjọ ISO fọwọ́ sí ní 2005 fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn èyí ni checksum, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tó máa ń yí padà bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo èyí dá, ó sì burú, torí pé bí fáìlì bá ti bàjẹ́, ìbàjẹ́ náà ni a óò máa dà kọ láìmọ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ìdílé agbẹ́gilére tó bá ṣì ní flọ́pì àti CD nínú àpótí ní Osi, Iloffa tàbí Odo-Owa, kí ó tètè wá ẹni tó ṣì ní ẹ̀rọ tó lè kà wọ́n, kí ó sì ṣe àdàkọ wọn lọ́dún yìí.