Iṣu tó ń Dúdú àti Ẹ̀rọ tó ń Yẹ Omi Wò

Kò sí ọmọ Èjìgbò tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iṣu fún. Ìlú Òrìṣà Ògìyán ni, òrìṣà tí iyán wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ iṣu tí kò tètè rẹ ẹ́ sómi yóò rí i pé ara iṣu funfun náà ń ṣú. Àwọn èròjà tí à ń pè ní phenol ló fà á: bí ọ̀bẹ bá ti là á, tí afẹ́fẹ́ kàn án, ẹ́ńsáìmù inú iṣu á yí wọn padà di aláwọ̀ dúdú. Àwọ̀ èlùbọ́ wa náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹbí phenol pọ̀, gbogbo wọn kọ́ ló ṣeé jẹ. Lọ́dún 1834 ni Friedlieb Runge, ará Jámánì, rí ọ̀kan nínú ọ̀dà èédú. Joseph Lister bẹ̀rẹ̀ sí í fi í wẹ ojú ọgbẹ́ ní Glasgow lọ́dún 1865, ó sì gba ẹ̀mí là. Ohun kan náà ló ń bó ènìyàn lára. Bí omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ bá gbé e dé odò, ojú lásán kò lè rí i.

Báwo la ṣe wá ń mọ̀ ọ́n? Lọ́dún 1958, Ralph Adams ní Kansas po ìyẹ̀fun káábọ̀nù mọ́ ohun olómi kan, ó sì fi ṣe ẹlẹ́kítíróòdù. Lọ́dún 1988, Joseph Wang àti Meng Shan Lin po ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ irú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ yìí náà ni o! Ẹ́ńsáìmù tó ń mú un dúdú jẹ́ ìbátan ti inú iṣu. Bó bá ti ṣiṣẹ́ lórí dopamine, tí í ṣe mọ̀lẹ́bí phenol, iná mànàmáná díẹ̀ á ṣàn, a ó sì kà á. Nígbà tí Sumio Iijima ti Japan ròyìn ọ̀pá káábọ̀nù tín-íń-tín lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í kun ojú ẹlẹ́kítíróòdù, kí ó lè mọ ìwọ̀n tó kéré gan-an.

Èjìgbò ni ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ní tèmi, omi kànga ló yẹ kí irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bátìrì lè gbé ẹ̀rọ náà, bíi ti èyí tí àwọn àgbà wa fi ń yẹ ṣúgà wò; kò dà bí àwọn ẹ̀rọ ńlá tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ìṣòro kan ṣì kù: phenol tó bá ti yí padà máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ẹlẹ́kítíróòdù, á sì dí i, débi pé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kò ní gbọ́ràn mọ́.