Mítà Kan, Ìdílé Mẹ́fà: Òṣùwọ̀n Iná Mọ̀nàmọ́ná láti Tudu dé Èkó

Ní Tudu, ní gbùngbùn Accra, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Aflao ti ń gbérò, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í ṣe àjèjì. Olonka ni wọ́n fi ń wọn àgbàdo àti gàrí lágbègbè ọjà Makola, bí ará Ìbàdàn ṣe ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Bí oníbàárà bá fura pé wọ́n ti ti ìdí olonka wọnú, yóò pariwo, tàbí kó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣeé fojú wọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà á ló ń ka òṣùwọ̀n, òun náà ló ń kọ iye owó.

Láti 1922 tí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná díẹ̀ ní Accra, títí dé ìgbà tí wọ́n ṣí ìsédò Akosombo ní 1966, ìjọba ló ń ta iná. Bí iná bá ṣòfò lójú ọ̀nà, tàbí tí wọ́n jí i lò, àdánù náà kò kúrò lápò ìjọba. Ní 1997 ni Ghánà ṣòfin tó dá àjọ PURC sílẹ̀ láti máa bójú tó iye owó iná, tó sì gbé Energy Commission kalẹ̀ láti máa fún àwọn iléeṣẹ́ ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀dínwó tálákà wà nínú ètò náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí kò bá lo ju yúnììtì 50 lọ lóṣù ló ń san owó tó kéré jù; ní 2022, PURC dín in kù sí 30. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n mítà ni òfin ń kà, kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Accra, níbi tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń gbé yàrá kan tàbí méjì, mítà kan lè wà fún gbogbo wọn. Bí ìdílé mẹ́fà bá lo yúnììtì 25 níkọ̀ọ̀kan, 150 ni mítà yóò kà, ẹ̀dínwó sì ti fò wọ́n dá. Olówó tó ń dágbé, tí kì í sì í pẹ́ nílé, lè rí i gbà. Lẹ́yìn èyí ni ìjà ta ló ní fíríìjì yóò wá bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2019, iléeṣẹ́ aládàáni PDS gba iṣẹ́ pínpín iná lọ́wọ́ ECG fún 20 ọdún. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ìjọba fagi lé àdéhùn náà, ó ní ìwé onígbọ̀wọ́ wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Amẹ́ríkà sì fa 190 mílíọ̀nù dọ́là ìrànwọ́ sẹ́yìn.

Ìjọba Nàìjíríà ti fa pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2013, nígbà tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù oníbàárà kò ní mítà. Ìwé owó àfojúbù gbilẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: mítà ń ná olùtajà lówó, ó sì lè dín owó tó ń gbà kù. Kí ló máa yá a lára? Oṣù Kejì 2020 ni NERC tó fi òdiwọ̀n sí iye tí wọ́n lè fojú bù fún ẹni tí kò ní mítà.

Ní oṣù Kẹrin 2024, owó àwọn oníbàárà Band A di náírà 225 fún yúnììtì kan, lórí ìlérí iná 20 wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán. Wákàtí náà ti di òṣùwọ̀n. Oníbàárà lè fi aago ara ògiri ka tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ iná ń gbé jáde, ọwọ́ olùtajà ló ti ń wá.