Ìtàn Golfe FM, rédíò oníṣòwò ní Kútọnu



Àwọn bàbá wa fún rédíò ní orúkọ kan. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pè é. Kí ló fà á? Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ tiwa. Bó bá parọ́, a kò lè já a nírọ́. Bó bá sọ òótọ́, a kò lè kí i pé ó ṣeun. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí ni ìtàn ilé iṣẹ́ rédíò kan tó wà lára àwọn tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ní ilẹ̀ Benin. Golfe FM ni orúkọ rẹ̀, Kútọnu ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí. Kì í ṣe rédíò ìjọba, kì í sì í ṣe rédíò tí ará abúlé dá jọ ṣe. Rédíò oníṣòwò ni. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe dé, bó ṣe ń jẹun, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe dákẹ́ ní 2023.

Nígbà tí ẹnu kan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀

Ní 1953, nígbà ìjọba àwọn Faransé, ni rédíò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà. Kútọnu ló ti ń sọ̀rọ̀. Èèyàn díẹ̀ ló ní ẹ̀rọ tó lè gbà á, nítorí pé ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi, ó sì wọ́n. Nígbà tó yá, rédíò kékeré tó ń lo pílì dé. Àgbẹ̀ lè gbé e dání lọ sí oko. Ìyá ọlọ́jà lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni rédíò ti di ti tẹrú tọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ nínú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, ẹnu ìjọba ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1975, orílẹ̀-èdè yí orúkọ padà, Dahomey di Benin. Rédíò náà gba orúkọ tuntun. La Voix de la Révolution ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni Ohùn Ìyípadà.

A kò ní sẹ́ oore. Rédíò ìgbà náà bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè wa. Ó kéde òkú, ó kéde ọmọ tó sọnù, ó kéde ọjọ́ ìpàdé. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá fẹ́ sọ pé owó tí wọ́n fi ra òwú òun kò tó, rédíò kọ́ ni yóò ti rí ẹnu sọ ọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ṣì ni.

Bí òfin ṣe ṣí ilẹ̀kùn

Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì 1990, Ìpàdé Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè wáyé ní Kútọnu. Rédíò gbé ọ̀rọ̀ ìpàdé náà sáfẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Àwọn tó wà nílé gbọ́ bí èèyàn ṣe dìde tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, tí kò fi bò. Ohun tí etí kò gbọ́ rí ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà, ilẹ̀ Benin ní ìwé òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Ìwé òfin náà sọ pé iṣẹ́ ìròyìn yóò ní òmìnira. Ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa dáàbò bo òmìnira náà. HAAC ni wọ́n ń pe àjọ yìí ní kúkúrú. Òfin tó ṣètò rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1992. Èèyàn mẹ́sàn-án ni òfin náà ní kó jókòó níbẹ̀: mẹ́ta láti ọwọ́ Olórí orílẹ̀-èdè, mẹ́ta láti ọwọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mẹ́ta láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ìròyìn fúnra wọn. Ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ fi iyè sí iṣẹ́ àjọ yìí. Iṣẹ́ méjì ni. Òun ni yóò dáàbò bo rédíò, òun náà ni yóò sì bá rédíò wí bó bá ṣẹ̀. Òun ló ń fúnni ní ìgbì tí a fi ń sọ̀rọ̀, òun náà ló lè ní ká dákẹ́. Ọwọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn ni ọwọ́ tó ń tì í. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní nǹkan bí 1994 kan náà, rédíò kékeré dé àwọn ìgbèríko kan: Banikoara, Ouaké, Tanguiéta, Lalo, àti Ouèssè tó wà ní agbègbè àwọn ará Ṣábẹ̀. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Èyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ti oníṣòwò. Ó di ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 1997 kí òfin 97-010 tó jáde. Òfin yìí ló fún aládàáni láyè láti ní rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ó ya rédíò oníṣòwò sọ́tọ̀ kúrò lára rédíò tí kì í wá èrè.

Golfe FM dé

Ẹni tó dá Golfe FM sílẹ̀ ni Ismaël Soumanou. Oníṣẹ́ ìwé ìròyìn ni. Ní 1988, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ṣì ń ṣèjọba, ló ti dá ìwé ìròyìn La Gazette du Golfe sílẹ̀. Ẹni tó bá rántí ìgbà náà mọ̀ pé iṣẹ́ tó gba ọkàn ni. Nígbà tí òfin 1997 sì ṣí ilẹ̀kùn rédíò, ilé iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Orí ìgbì 105.7 ni àwọn ará Kútọnu ti ń gbọ́ ọ.

Kí ni FM túmọ̀ sí fún wa? Ìgbì FM wà láàárín 88 sí 108 lójú rédíò. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kì í hó yeeye bíi ti ìgbì kúkúrú àtijọ́. Ṣùgbọ́n ó ń lọ gbọọrọ bí ọfà ni. Kò lè rọra yí òkè kọjá, kò sì lè rìn jìnnà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ri òpó gíga mọ́lẹ̀ fún un. Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Kútọnu, nǹkan bí 30 kìlómítà ni. Ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ. Rédíò FM tó wà ní Kútọnu kò lè dé Ṣábẹ̀, àfi bí òpó mìíràn bá gbà á lójú ọ̀nà. Nítorí náà, rédíò àdúgbò ni FM. Ẹni tó ń tajà àti ẹni tó ń rajà, ìlú kan náà ni wọ́n wà. Ohun tó jẹ́ kí òwò rẹ̀ ṣeé ṣe gan-an nìyẹn.

Asọ̀rọ̀mágbèsì gba èsì

Àwọn rédíò aládàáni tó dìde ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn 1997 mú ohun méjì wá tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìkínní ni kíka ìwé ìròyìn sétí ìgbọ́ gbogbo ayé ní òwúrọ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì lè kà á. Àwọn rédíò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Fọ̀n, èdè Gùn, èdè Yorùbá, pẹ̀lú òwe àti ẹ̀fẹ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà mọ ohun tí àwọn aṣòfin ń sọ, kí akọ̀wé tó dé ibi iṣẹ́.

Ìkejì ni tẹlifóònù. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ pè wá. Ọ̀kan pè pé omi kò yọ ní àdúgbò òun láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan pè pé ọ̀nà ti bàjẹ́. Ọ̀kan pè pé wọ́n gba owó lọ́wọ́ òun láìfún òun ní ìwé ẹ̀rí. Gbogbo ìlú gbọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn náà sì gbọ́. Ní ọjọ́ náà ni orúkọ tí àwọn bàbá wa fún rédíò kò bá a mu mọ́.

Kí ni rédíò oníṣòwò ń jẹ?

Rédíò ìjọba ń jẹ owó orí tí gbogbo wa ń san. Ta ló ń bọ́ rédíò oníṣòwò? Gbọ́hùngbọ́hùn rẹ̀ ń gba owó oṣù. Iná ń gba owó. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ń mu epo. Òpó náà fẹ́ àtúnṣe.

Owó náà ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ ká gbọ́ tiwọn wá. Ẹbí tó fẹ́ sìnkú ń sanwó ìkéde. Oníṣọ́ọ̀ṣì àti alálùfáà ń sanwó àkókò ìwàásù. Ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ta òògùn, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, àti olóṣèlú pàápàá ń sanwó. Kò sí ohun tó burú nínú òwò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Yorùbá wí: bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Bí ọlọ́jà kan bá ń sanwó ìpolówó lóṣooṣù, ó ṣòro fún rédíò náà láti sọ pé ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí olóṣèlú bá sanwó, a lè má gbọ́ ìyókù ìtàn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń gbọ́ rédíò oníṣòwò ní láti máa bi ara rẹ̀ pé: ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ yìí, ìròyìn ni àbí ìpolówó? Ta ló sanwó rẹ̀?

Ọjọ́ tí ohùn dákẹ́

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, tó bá wa pààlà ní òkè. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ẹnu kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2023, HAAC fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ La Gazette du Golfe pé ohun tó gbé jáde ń yin ìfipágbàjọba. Ó ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ náà dákẹ́ títí di ìgbà tí òun yóò tún sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan. Rédíò dákẹ́, tẹlifíṣọ̀n dákẹ́, gbogbo ohun tó ń jẹ́ Golfe dákẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Àwọn kan sọ pé àkókò náà le, ó sì yẹ kí oníròyìn ṣọ́ ẹnu. Àwọn mìíràn sọ pé bí ọmọ kan bá ṣẹ̀, a kì í ti gbogbo ilé pa. Èwo ni ẹ̀yin rò? Ohun tí a mọ̀ ni pé rédíò tí kò sọ̀rọ̀ kò lè gba ìkéde, èyí tí kò gba ìkéde kò lè san owó oṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ilé iṣẹ́ náà dá gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Bàbá àti ìyá ọmọ ni wọ́n. Olùgbọ́ tó mọ́ra láti máa pè ní òwúrọ̀ náà sì wá ẹnì kan tí yóò gbọ́ tirẹ̀, kò rí i lórí ìgbì yẹn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò mẹ́ta ni rédíò oníṣòwò jókòó lé. Ọ̀kan ni òfin, tó fún un ní ìgbì. Ọ̀kan ni owó, tó ń bọ́ ọ. Ọ̀kan ni olùgbọ́, tó ń gbọ́ ọ, tó sì ń dá a lóhùn. Ní Kútọnu, òfin 1997 ló gbé ìkòkò Golfe FM kaná. Ní 2023, ààrò òfin ni wọ́n yọ. Ààrò owó tẹ̀lé e, ó yẹ̀. Ààrò kẹta, ìyẹn àwa olùgbọ́, kò lè dá ìkòkò gbé dúró.

Ṣé kí a wá sọ pé àwa olùgbọ́ kò ní agbára? Rárá. Ẹni tó bá mọ òfin tó ṣí ilẹ̀kùn yóò mọ ìgbà tí wọ́n bá ń tì í. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń sanwó yóò mọ irú ọ̀rọ̀ tí òun ń gbọ́. Ohun tí ẹ̀kọ́ ìwé wà fún nìyẹn.

Ẹ bá ara yín jíròrò ní kíláàsì yín:
1. Rédíò wo ni ẹ ń gbọ́ ní àdúgbò yín? Ta ló ni ín, ta ló sì ń bọ́ ọ?
2. Bí rédíò bá ṣẹ̀, irú ìjìyà wo ló tọ́ sí i, tí kò ní pa òṣìṣẹ́ àti olùgbọ́ lára?
3. Kí ni ẹ̀yin yóò sọ bí rédíò bá ní kí ẹ pè?